Ẹ Má Gba Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Tí Ọ̀já Rẹ̀ Wà Ní Ìhòòhò

Àwòrán kan wà lọ́wọ́ wa tí a kò ní tẹ̀ jáde mọ́. Ọdún tó kọjá ni a yà á, ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí gba ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa bá wọn rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ti òkè òkun wá. Ọ̀gá jórinjórin kan ló ṣe é nínú àgbàlá ilé rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Inú wa dùn. A kọ ọ́ sí ojú ewé yìí pé ọwọ́ àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ohun tí a máa ń rà lọ́wọ́ àjèjì. Ìyá ẹgbẹ́ ló wà nínú àwòrán náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, ọ̀já rọ́bà tó so ẹ̀ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ wà gbalasa. Kò sí ohun tó bò ó. A kò rí i. Àwa tí a ya àwòrán, àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wa tó rí i.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n pè wá láti abúlé náà. Ọ̀já yẹn ti fa etí aṣọ ọmọbìnrin kan tó ń da ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé aṣọ. Ìka méjì ló bá a lọ, ìkẹta kò sì lè tẹ̀ mọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ abúlé náà tàbí ọ̀gá tó ṣe ẹ̀rọ, nítorí a kò wá di ẹ̀bi náà ru ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìyá ẹgbẹ́ kò bú wa. Ó kí wa, ó fún wa lómi mu, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ya á ní àwòrán.”

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ìbòrí lórí ọ̀já rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí lára rẹ̀. Kí ọ̀gá má jẹ́ kí ó kúrò nínú àgbàlá, kí oníbàárà má san owó tó kù, kí àwa oníròyìn má sì yìn ín.

Ká tó bá a lọ, ó yẹ kí a sọ ohun tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń ṣe, torí àwọn kan wà ní Kùtọnu tí wọ́n rò pé ẹ̀rọ kì í ti àgbàlá ilé jáde. Ẹ lọ sí Kétu, ẹ lọ sí Pọ̀bẹ́, ẹ gòkè lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ó gbọ́ ìró irin kí ẹ tó rí ilé. Ọ̀gá á ra irin onígun, á gé e, á jó o pọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ìdábùú kí ó lè dúró gbọn-in. Á wá igi líle, á gbẹ́ ẹ róbótó bí ìlù. Àwọn mìíràn a máa lo páìpù irin ńlá. Á tẹ́ páànù sílẹ̀, á fi ìṣó lù ú ní ihò ní ihò, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi hu eyín. Eyín yẹn ni yóò rin ẹ̀gẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni wọ́n sábà máa ń fún ní iṣẹ́ ìṣó yìí, ó sì lè fi odindi ọjọ́ kan jókòó tì í. Wọn á wé páànù náà mọ́ ìlù, wọn á ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, wọn á fi roulement sí ìhà méjèèjì kí ó lè máa yí wẹ́rẹ́, wọn á sì fi púlì sí orí ọ̀pá náà, níbi tí ọ̀já yóò ti gbà á mú.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó máa ń wù wá láti wò. Kí ọ̀gá tó so ọ̀já, á fi ọwọ́ yí ìlù náà lásán, á fi í sílẹ̀, á wo ibi tí yóò dúró sí. Á tún un yí. Bí ó bá jẹ́ pé ìhà kan náà ló ń wá sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, á mọ̀ pé ìhà yẹn wúwo ju èkejì lọ, á sì dín in kù títí ìlù yóò fi máa dúró síbi tó bá wù ú. Ìlù tí kò bá dọ́gba yóò máa gbọ̀n, ìgbọ̀n yóò tú àwọn bóòtù, roulement yóò sì tètè jẹ. Kò sí ìwé tí ọ̀gá náà ti kà á. Ọwọ́ ọ̀gá tirẹ̀ ló ti rí i. Ẹni tó lè ní irú sùúrù báyìí lórí ìlù, kò sí ìdí tí kò fi lè ní in lórí páànù tí yóò bo ọ̀já.

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ rí mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń wá ẹ̀rọ yìí kiri. A ó kan páànù oníhò mọ́ pákó, a ó fi í ti àyà, a ó máa fa ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá fi máa tán, awọ ìka ti bá a lọ, omi ẹ̀gẹ́ a sì máa ta ojú egbò náà. Ohun tí obìnrin mẹ́ta fi odindi ọjọ́ rin, ẹ̀rọ ń rin ín kí oorun tó mú. Nítorí náà a kò bá ẹ̀rọ jà. Àwa náà jẹ gàrí dàgbà. Ṣùgbọ́n páànù ọwọ́, awọ ló ń bó. Ẹ̀rọ tí ọ̀já rẹ̀ wà ní ìhòòhò, egungun ló ń mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, torí ojú lásán kò lè mọ bí ọ̀já ṣe ń sáré tó. Ó dà bí ohun tó dúró sójú kan. Ẹ̀ńjìnnì oníná tí ọ̀pọ̀ ń lò níbi tí iná mànàmáná bá dé a máa yí tó ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní púlì tó wà lórí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 10. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀já ti lọ sẹ̀ńtímítà 31. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti yí ìgbà 24. Èyí túmọ̀ sí pé kí ènìyàn tó ké “yéè”, ọ̀já ti sá ju mítà 7 lọ. Bí púlì ti ìlù bá fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 20, ìlù á yí ní ìdajì ìyẹn, ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ló lè yọ ọwọ́ kúrò láàárín ìyẹn? Ibi tó sì burú jù lọ kò ju ìka kan lọ ní fífẹ̀: ibi tí ọ̀já ti ń wọ abẹ́ púlì. Ohunkóhun tó bá kan ibẹ̀, etí aṣọ, gèlè, okùn ọjá ọmọ, ó ti gbé e mì nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì sáré pa ẹ̀ńjìnnì, ìlù tó wúwo kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Yóò ṣì máa yí.

Nítorí náà, kí ló dé tí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò fi bò ó?

A lọ béèrè. A ṣe àbẹ̀wò sí àwọn àgbàlá bíi mélòó kan láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́. Ìdáhùn tí a gbà kò yàtọ̀ síra púpọ̀. Bàbá kan ní ẹ̀gbẹ́ Pọ̀bẹ́, ẹni tó ti ń jó irin kí a tó bí èyí tó kéré jù nínú wa, gbé awò dúdú rẹ̀ kúrò lójú, ó wò wá, ó ní:

“Mo máa ń ṣe ìbòrí tẹ́lẹ̀. Bí mo bá pe owó ẹ̀rọ, oníbàárà á ní ó ti pọ̀ jù. Á yí i po, á nàka sí ìbòrí, á ní, ‘Ọ̀gá, èyí ńkọ́? Ṣé òun náà ń rin ẹ̀gẹ́ ni?’ Mo ní rárá. Á ní kí n yọ ọ́ kúrò, kí n yọ 15,000 kúrò lórí owó. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Bí n kò bá yọ ọ́, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa yọ ọ́.”

A kò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Gbogbo wa la ń nájà báyìí. Ohun tí a bá rí tó ń ṣiṣẹ́ ni a ń sanwó fún. Èyí tó ń dènà ibi kì í jọ ohun tó ń ṣiṣẹ́, torí ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀. Owó sì le. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Nàìjíríà, owó kpayo gbéra ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ààlà wa, kò sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń fi epo bẹntiróòlù yí ẹ̀ńjìnnì mọ bí ó ṣe rí. Bí àwọn obìnrin bá kó owó èsúsú jọ láti ra ẹ̀rọ, gbogbo fráǹkì ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi 15,000 yẹn sórí ìwọ̀n. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, 52,000 fráǹkì ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Owó ìbòrí kò tó ìdá mẹ́ta owó oṣù ẹni tó ń gba owó tó kéré jù. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, owó ọkọ̀ láti abúlé dé ilé ìwòsàn, ti ẹni tó sìn ín lọ, ti oògùn, ti bíbọ̀ àti àlọ nítorí egbò, ti gòkè kọjá ìyẹn kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. A kò tíì ka iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Òṣìṣẹ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, bí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ibi tí yóò kọjú sí. Obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé, tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ìwé owó oṣù, ta ni yóò kọjú sí? Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tí ẹnì kan lè fi ṣe ẹ̀dínwó.

Àwọn ọ̀gá mìíràn sọ ohun tó jinlẹ̀ ju owó lọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá fi ìbòrí sí i, àwọn obìnrin fúnra wọn ló ń yọ ọ́ dànù. Òótọ́ ni. A rí ìbòrí kan ní abúlé kan tí wọ́n ti sọ di ohun tí adìyẹ ń yé ẹyin sí. Nígbà tí a béèrè ìdí, ìyá tó ni adìyẹ náà kò tijú. Ó ní ọ̀já máa ń dẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìlù a sì máa fà tìkọ̀. Wọ́n ní láti tú bóòtù mẹ́fà kí wọ́n tó lè rí ọ̀já, kí wọ́n tó lè fà á le. Bóòtù mẹ́fà, láàárín iṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí a ti bó tó ń dúró! Lọ́jọ́ kẹta wọn kò dá a padà mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbòrí tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí àìsí ìbòrí. Bàbá ará Pọ̀bẹ́ yẹn ló fi bí a ṣe lè ṣe é hàn wá, ó fi ẹfun yà á sílẹ̀. Kí a má fi páànù dídì ṣe gbogbo rẹ̀. Kí a fi irin pẹlẹbẹ ṣe etí rẹ̀, kí a sì fi àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ há ṣe àárín, kí ènìyàn lè máa wo ọ̀já láìfọwọ́ kàn án. Kí a fi ìdè ilẹ̀kùn sí ìhà kan, kí ó lè ṣí bí ilẹ̀kùn fèrèsé. Kí bóòtù kan ṣoṣo wà ní ìhà kejì, èyí tí a kò lè fi ọwọ́ lásán tú, kí àwọn ọmọdé má baà ṣí i. Kí ihò tí a fi de ẹ̀ńjìnnì mọ́ ibùjókòó rẹ̀ gùn díẹ̀, kí a lè ti ẹ̀ńjìnnì sẹ́yìn láti fa ọ̀já le. Kí àwọ̀n náà bo púlì méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ ń bo iwájú, wọ́n ń fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó wá kùn ún ní àwọ̀ pupa. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹni tó bá wọlé yóò tètè mọ̀ pé nǹkan pupa kan ti kúrò lójú ẹ̀rọ. Ìyẹn yà wá lẹ́nu. A kò ronú débẹ̀.

Ẹnu ẹ̀rọ náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí a ń da ẹ̀gẹ́ sí, kí ọrùn rẹ̀ gùn ju apá àgbàlagbà lọ, tàbí kí ó tẹ̀ kọrọ, kí ọwọ́ má lè dé orí ìlù. Kí a sì gbẹ́ igi tí a ó fi máa ti ẹ̀gẹ́ tó bá há, kí a fi okùn so ó mọ́ ara ẹ̀rọ. Igi tí a kò bá so, wọn á fi dá iná kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwa mọ ara wa.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jọ pé ó yà sọ́tọ̀, síbẹ̀ nájà kan náà ló bí i. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin. Páànù lásán tí a fi ṣe eyín ìlù yóò dípẹtà, ìpẹtà náà yóò máa bá ẹ̀gẹ́ lọ sínú àpò, láti inú àpò sínú agbada, láti agbada sí ẹnu ọmọ. Irin inox kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì le láti lù ní ihò. A kò ní sọ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ra inox lọ́la. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó máa fọ ìlù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀ńjìnnì bá ti dúró pátápátá, kí ó sì pààrọ̀ páànù kí ó tó di pupa. Ó tó báyìí lórí ìyẹn.

Àwọn kan ní abúlé sọ pé Ògún ló bínú lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọn kò bọ irin náà kí wọ́n tó lò ó. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Àgbàlagbà alágbẹ̀dẹ kan tó jókòó síbẹ̀ ló fún wọn lésì kí a tó la ẹnu. Ó ní nínú àgbẹ̀dẹ bàbá òun, èèkù ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òun, ọdún kan kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí òun rọ ojú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tí kò ní èèkù kì í kúrò níbẹ̀, oníbàárà ì bá à bẹ̀bẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó bọ Ògún tí kò fi èèkù sí ọ̀bẹ, ó ní ẹni yẹn kàn jẹ ajá lásán ni. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò rí èsì fún un.

A mọ̀ pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú ohun tí owó ń fà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí a rò pé ọwọ́ lè tẹ.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tọrẹ. Kì í ṣe àwọn obìnrin nìkan ló ń rà á. Àwọn àjọ ń rà á fún wọn, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́, bí ìbò bá sì ń bọ̀, àwọn olóṣèlú náà ń gbé e wá pẹ̀lú ìlù àti ìjó. Àwọn wọ̀nyí kò lè sọ pé 15,000 ni kò jẹ́ kí ìbòrí wà. Owó tí wọ́n fi ń ran ankara fún ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí, àwọn kò gbà. Bí àwọn olùrà ńlá bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kò ní bẹ̀rù mọ́ pé oníbàárà yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò CQM, ìdánwò tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́. Ìdánwò tó bá gba kí ọmọ iṣẹ́ jó irin pọ̀ kó dọ́gba, kí ó tún gba kí ó ṣe ìbòrí fún púlì méjì, kí ó ṣí, kí ó tì. Ohun tí a bá fi dán ọmọ wò ni yóò rò pé iṣẹ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní kọ́múnù kọ̀ọ̀kan náà lè fẹnu kò lórí rẹ̀ láìdúró de Kùtọnu, bí wọ́n ṣe ń fẹnu kò lórí iye owó ìgbòmìnira ọmọ iṣẹ́. Lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ní ipa tiwọn. Songhaï wà ní Àjàṣẹ́ nílé wa níbí, Àlùfáà Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. COBEMAG wà ní Parakou, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe irinṣẹ́ oko. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ọ̀gá abẹ́ igi máńgòrò ni pé ilé iṣẹ́ ńlá ní àwòrán ẹ̀rọ lórí ìwé, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tẹ̀ lé. Orí ọ̀gá abẹ́ igi máńgòrò ni ìwé tirẹ̀. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti yọ kúrò nítorí oníbàárà, ọmọ iṣẹ́ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ṣé ó pọ̀ jù láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya ìbòrí kan sórí ewé kan, pẹ̀lú ìwọ̀n, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Gùn, ní Fọ̀n, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àwọn àgbàlá? Àwọn ará wa ní Atakpamé ní Tógò lè fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀gẹ́ tiwọn kò yàtọ̀.

Ní tiwa, a ti ṣe ìpinnu kan. Láti òní lọ, a kò ní tẹ àwòrán ẹ̀rọ kankan jáde ní ojú ewé yìí bí ọ̀já rẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, ì báà jẹ́ mínísítà ló gé ọ̀já ayẹyẹ rẹ̀. Ẹ̀yin ònkàwé, bí ẹ bá rí i tí a gbàgbé, ẹ pè wá.

Ọ̀gá tó ṣe ẹ̀rọ ọjọ́ náà kò sá. Ó lọ kí àwọn òbí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ìgbà kejì, bàbá ọmọ náà jáde, wọ́n jọ jókòó fún ìgbà pípẹ́, a kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ó ti gbé ẹ̀rọ náà padà sí àgbàlá rẹ̀, ó ti ṣe ìbòrí fún un láìgba kọ́bọ̀, àwọ̀ pupa ló sì kùn ún. Ọmọbìnrin náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kì í dé ibi ẹ̀rọ mọ́. Sísẹ́ gàrí ló ń ṣe. Ọwọ́ òsì ló fi ń di ajọ̀ mú, ó sì ń fi èyí tó kù ní ọwọ́ ọ̀tún gbọ̀n ọ́n.

Ọ̀gá náà tún ṣe ohun tí a kò sọ fún un pé kí ó ṣe. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n rántí gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà láti ìgbà tó ti dá dúró. Mọ́kànlá ni wọ́n kà. Ó ti gun zémíjàn lọ sí ibi mẹ́rin pẹ̀lú irin, àwọ̀n àti kíkùn. Ní ibì kan, wọ́n ní kí ó má fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ àwọn, wọ́n rò pé ó fẹ́ gba owó sí i ni. Ó jókòó síta títí wọ́n fi rin ẹ̀gẹ́ tán.

Méje ló kù. Ìkarùn-ún wà lẹ́yìn odò, ọ̀nà ibẹ̀ kò dára lásìkò òjò yìí. Ó ní kí a pàdé òun lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí a bá òun gbé àwọ̀n náà lẹ́yìn ọ̀kadà. A ó mú ẹ̀rọ ayàwòrán wa dání.